Ààrò Ilé Nélida

Nígbà tí Nélida Oyarzo ra ilé nílùú Cochrane, ìlú olótùútù kan láàárín òkè, ẹni tó tà á fún un kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ, ó sì yọ ààrò irin tó ń mú ilé móoru lọ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Lápá ibẹ̀, ààrò kì í ṣe ara ilé, ara ẹbí ni, ibi tí ẹbí bá ń lọ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ohun tó kù nínú ilé ìdáná kò ju àmì ẹsẹ̀ irin mẹ́rin lórí pákó, àti ihò kan lórí òrùlé tí wọ́n fi páànù dí.

Oṣù Kẹrin ti dé ìdajì, ìgbà òtútù sì ti ń súnmọ́ lápá ibẹ̀. Ewé igi lenga ti pọ́n lórí òkè, ìrì òwúrọ̀ sì ti ń dì lórí koríko. Kí oṣù méjì tó pé, yìnyín á ti bo ọ̀nà. Nélida, obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, ní láti yan ààrò kan, kó sì tètè yàn án, nítorí bàbá rẹ̀ ń bọ̀.

Bàbá náà, Don Belarmino bí wọ́n ṣe ń fọ̀wọ̀ pè é, ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, òun nìkan ló ń gbé lóko lẹ́bàá odò Baker, pẹ̀lú àgùntàn, ajá méjì àti agídí. Ọdún mẹ́ta ni Nélida fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti wá, ohun tó sì sọ kò ju èyí lọ: "Ọ̀sẹ̀ kan ni n ó lò. N ó wò ó bóyá ilé náà gbà mí."

Ohun tó ń ba Nélida lẹ́rù gan-an nìyí. Bí ilé kò bá gba bàbá yìí, yóò padà sóko kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè di oṣù Kẹsàn-án kí ẹnikẹ́ni tó tún fojú kàn án. Bẹ́ẹ̀ iyè rẹ̀ ti ń ṣe bí ẹni tó ń tòògbé. Ní oṣù Kejì, nígbà tí Nélida lọ bá a gbálẹ̀ lóko, ó gbé awọ àgùntàn kan tó wà níwájú ààrò kó lè gbọ̀n ọ́n. Ó rí i pé pákó abẹ́ rẹ̀ ti jó dúdú, ibi tó jó náà sì fẹ̀ tó tíréè. Bàbá ti gbàgbé ìlẹ̀kùn ààrò ní ṣíṣí, ẹyin iná sì ti já bọ́. Nélida tẹ́ awọ náà padà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni òun ti ń fi í sùn.

Irú ààrò wo ni èèyàn ń rà fún irú bàbá bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Heriberto, tó ń gbé nílùú Punta Arenas tó jìnnà, tí kò sì tíì fẹsẹ̀ kan oko láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá wọn, ti yan tirẹ̀ lórí fóònù.

"Oníbọ́tìnnì ni kóo rà. Wàá da igi lílọ̀ tí wọ́n ṣù bíi kóró àgbàdo sínú ẹ̀, wàá tẹ̀ ẹ́, ó parí. Bàbá ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Kí ló wá fẹ́ máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́?"

"Kó jókòó! Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, kí lo tún fẹ́ kó ṣe, kó gun ẹṣin?"

"Ó ṣì ń gun ẹṣin, Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ń wá ni, ẹ̀ bá ti mọ̀."

Doña Orfelina, opó tó wà nílé kejì, tó mọ ohun tó ń hó nínú ìkòkò gbogbo àdúgbò, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì sétí rárá.

"Níbo lo fẹ́ gbé kẹ́tù lé lórí ìyẹn? Lórí bọ́tìnnì? Àbúrò mi, ilé tí kò bá ní ààrò irin, ọ́fíìsì ni. Èèyàn á wọlé, á jókòó, á máa retí kí wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀."

"Bó bá wá jó ilé mọ́ wa lórí ńkọ́?"

Orfelina wò ó dáadáa. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ ilé jíjó?"

Nélida gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ní kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá dé pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, bí ẹni tó wá wo dókítà. Ọ̀dọ̀ Orfelina ni wọ́n sùn, torí ilé tuntun tutù bí inú odò. Bí wọ́n ti jókòó yí ààrò Orfelina ká ni igbá máté, omi ewé gbígbóná tí gbogbo wọn jọ ń mu, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Nílẹ̀ yẹn, ẹni tó bá mu tirẹ̀ tán á dá igbá padà láìsọ̀rọ̀, wọn á sì tún bu omi gbígbóná sí i fún un nígbà tó bá kàn án. Bó bá ti ní "ẹ ṣé", ó tó nìyẹn, kò fẹ́ mọ́. Don Belarmino mu ún lẹ́ẹ̀mẹfà kó tó dúpẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Nélida mú un lọ wo ilé tuntun, ó gbé kẹ́tù ka orí gáàsì, ó sì po máté fún un. Bàbá mu ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó wo páànù tó dí ihò òrùlé, ó dá igbá padà.

"O ṣé, ọmọ mi," ló wí.

Nélida gba igbá náà. Ó ní kí àwọn jọ lọ sọ́dọ̀ Don Eliecer, ẹni tó ń ta ààrò.

Nínú ṣọ́ọ̀bù Eliecer, ààrò méjì péré ló kù tí kì í ṣe ti oníbàárà mìíràn. Ọ̀kan jẹ́ oníbọ́tìnnì, dúdú, ó ń dán, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì jẹ́ ààrò irin ńlá tó funfun lára, ó ní ibi ìyan búrẹ́dì lọ́wọ́ ọ̀tún, àti ọ̀pá gbọọrọ níwájú tí wọ́n ń sá ìbọ̀sẹ̀ tútù sí.

"Oníbọ́tìnnì yìí, ọmọ ọwọ́ lè tàn án," ni Eliecer wí. "Ó ń dá bọ́ ara ẹ̀, ó sì ń dá ara ẹ̀ pa."

"Bí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì bá wá lọ ńkọ́?" ni Nélida béèrè.

Eliecer họ orí. "Òun náà á kú."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni iná lọ lọ́dún tó kọjá?"

"Doña Nélida, èmi kọ́ ni mo ń mú un lọ o."

Bàbá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó ti kúnlẹ̀ níwájú ààrò funfun náà, ó ti ki apá bọ inú rẹ̀ títí dé ìgbúnwọ́, ó ń fọwọ́ wá ojú ibi tó bá sán. Ojú rẹ̀ tàn. Nélida kò rí i bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́.

"Irin yìí nípọn," ni bàbá wí. "Nélida, ìyá ẹ ńkọ́? Ṣé á fẹ́ kí ibi ìyan búrẹ́dì wà lápá ọ̀tún? O mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló ń lò."

Eliecer tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀.

"Á fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni Nélida dáhùn.

Níbẹ̀ ló ti pinnu. Ẹni tó gbàgbé pé ìyàwó òun ti kú, ṣé ìlẹ̀kùn ààrò ni yóò rántí? Ó yíjú sí Eliecer láti ní kó di oníbọ́tìnnì náà fún òun. Bàbá fi ọ̀pá ìbọ̀sẹ̀ gbé ara rẹ̀ dìde, ó ń wò yíká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé.

"Ìyá ẹ ti kú," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ó kàn máa ń yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà míì ni." Ó rìn lọ síbi oníbọ́tìnnì, ó fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbá ẹṣin tí wọn kò ní í rà. "Èyí ni kóo mú."

"Ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́? Mo jó ilẹ̀ ilé lóko. Mo fi awọ bò ó. Mi ò fẹ́ wá jó tìẹ náà."

"Mo rí i, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé o rí i. Orí awọ ló yẹ kó kọjú sílẹ̀kùn, ìrù lo fi síbẹ̀ nígbà tóo tẹ́ ẹ padà."

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Nélida rẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀. Látọjọ́ yìí wá, àwọn méjèèjì ń fi iná kan náà sùn, ẹnìkan kò sọ fún ẹnìkejì. Ó wo bàbá rẹ̀ bó ti dúró ti ẹ̀rọ dúdú yẹn, ó sì rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kedere: bàbá á jókòó níwájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á gbé ọwọ́ lé orúnkún, á dúpẹ́, á sì gbé àpò rẹ̀.

"Onírin la fẹ́," ó sọ fún Eliecer.

"Ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé?" ni bàbá wí.

"Ẹ ò ní dáná bó bá ku ẹ̀yin nìkan nílé. Doña Orfelina á máa wá jókòó tì yín títí n ó fi dé."

"Obìnrin yẹn ti ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ẹ ò ní lè tòògbé nìyẹn."

Lọ́jọ́ Àìkú, Eliecer gbé ààrò wọlé, ó sì na páìpù èéfín gba inú ihò òrùlé. Nélida ní kó tẹ́ páànù irin nípọn sábẹ́ rẹ̀ àti síwájú rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìlẹ̀kùn ààrò, ó tì í, ó tún ṣí i. Ọkùnrin kan wá fi ọkọ̀ já igi sí ẹ̀yìnkùlé, ó búra pé ó ti gbẹ. Nélida ní kó já a síbẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó lọ síbi iṣẹ́. Fèrèsé ilé ìdáná iléèwé kọjú sí òrùlé rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ, èéfín tín-ín-rín ń lọ sókè jẹ́ẹ́. Ní aago mẹ́sàn-án, bákan náà ni. Ọkàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Nígbà tó máa di aago mẹ́wàá tó tún gbójú sókè, èéfín ti nípọn bí òwú, ó ti bo òrùlé, ó ń ṣàn wá sílẹ̀ lára ògiri.

Nélida kò bọ́ épírọ́ọ̀nù, kò sì gbé ṣíbí ìro-ọbẹ̀ sílẹ̀. Òpópónà mẹ́rin ló sá kọjá. Bó ti ń sáré ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé, èmi ni mo mú un wá, èmi ni mo ra iná fún un, èmi ni mo sọ pé onírin la fẹ́. Orfelina ló kọ́kọ́ rí, níta, tó ń wúkọ́, tó ń fi gèlè nu ojú.

"Bàbá dà?"

"Ó wà nínú ilé! Mo ní kó jáde, kò dá mi lóhùn."

Nélida ya wọlé. Ìlẹ̀kùn ilé àti fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìlẹ̀kùn ààrò wà ní títì pa. Wọ́n ti gbá orí páànù irin mọ́ tónítóní, kò sí awọ kankan lórí rẹ̀. Don Belarmino bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n kó igi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó mú ìtì igi méjì lọ́wọ́, ó ń gbá wọn mọ́ra.

"Wá gbọ́ nǹkan," ló wí. Ó tún gbá wọn. Wọ́n dún bọ̀lọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń fi bàtà tẹ ẹrẹ̀. "Ta ló ta èyí fún ẹ?"

"Ó... ó búra pé ó ti gbẹ."

"Ó búra! Igi gbígbẹ kì í búra, dídún ló ń dún. O fi ọ̀sẹ̀ méjì wo irin, oò fi ìṣẹ́jú kan wo igi." Ó wá rí ọwọ́ rẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ṣíbí yẹn ṣe? Ṣé òun lo fẹ́ fi pa iná?"

Nélida jókòó sórí ìtì igi. "Mo rí èéfín, Bàbá."

"Bóo bá rí èéfín, èmi nìyẹn. Ọjọ́ tí oò bá rí i ni kóo sáré."

Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàbá bu omi sínú igbá máté, ó na án sí i, ó sì padà sídìí igi rẹ̀. Ó ń ya èyí tó lè jó sọ́tọ̀, kò sì rí púpọ̀ yà.

"Igi tèmi tó ti gbẹ fún ọdún méjì wà lóko," ló wí láìbojúwẹ̀yìn. "Wá ẹni tó ní ọkọ̀ tó tóbi, kó lọ kó o wá kí ọ̀nà tó dí. Kó má gbàgbé àwọn ajá."

"Igi mélòó ni kó kó?"

"Gbogbo ẹ̀. Ta ni yóò tún dáná níbẹ̀?"

Nélida mu máté rẹ̀ tán. Igba ọmọ ń retí oúnjẹ ọ̀sán níléèwé, ó yẹ kó dúpẹ́, kó dìde. Ó dá igbá padà fún bàbá rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bàbá sì tún bu omi sí i.