Àtẹ́lẹsẹ̀ Bàbá Mi
Ìtọ̀ ṣúgà sọ ẹsẹ̀ bàbá mi di òkú igi, wọn kò mọ bíréèkì lára mọ́, ni wọ́n bá fi iṣẹ́ awakọ̀ sílẹ̀. Lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, nítorí ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kì í bẹ ẹsẹ̀ lọ́wẹ̀.

“Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà o, Bàbá,” ni ọ̀gá wọn, tí kò jù mí lọ, máa ń wí, kí aṣọ oníbàárà má baà dọ̀tí.

“Mo ti bọ́ ọ, ọ̀gá mi. Ẹ má lé mi o, níbo lẹ ti máa rí ọmọṣẹ́ tó ní ewú?”

Wọ́n fi àìsàn náà pamọ́ fún un. Dókítà sì ti ní kí n máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́. Lọ́sẹ̀ kan, ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó rẹ àwọn, ó di ọ̀la. Ojú tì mí láti bá àgbà jiyàn. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo bá abẹ́rẹ́ nínú gìgísẹ̀ òsì, ó ti kẹ̀. Àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà.

Ọ̀gá wá kí wọn. “Ẹ ò bá sọ fún mi, Bàbá. Bàtà lásán-làsàn.”

“Mo rò pé ẹ máa lé mi ni.”

Nírọ̀lẹ́, mo ní kí n wo ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n nà án sí mi, wọn ò sọ pé ó di ọ̀la.