Ìwé Àǹtí Tẹ-Ibí

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, èmi fúnra mi ti ṣe é tó. Èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́ Ajé, mo kó gbogbo iṣẹ́ wa kúrò lórí sáfà àtijọ́, ẹ̀rọ ńlá tó ń kùn ní yàrá ẹ̀yìn, lọ sórí tuntun. Mo fọ́nnu fún Ọ̀gá pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé a kó.

Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀.

Ìwé ìtọ́ni tí à ń lò, Àǹtí Tẹ-Ibí ló kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ó ti lé lógún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo ìlà tó bá kọ ló sì máa ń parí sí "tẹ ibí", ibẹ̀ ni ìnagijẹ yẹn ti wá. Líǹkì inú ìwé náà tó ọ̀ọ́dúnrún, sáfà àtijọ́ ni gbogbo wọn ṣì ń júwe. Kàkà kí n tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pààrọ̀ wọn lóòótọ́: gbogbo wọn ń gbé èèyàn lọ sí fọ́ọ̀mù ìsinmi. Fọ́ọ̀mù yẹn ò sì ní sùúrù. O ṣí i báyìí, orúkọ ẹ ti wọlé.

Kó tó di ọ̀sán, èèyàn mọ́kànlélógójì ti tọrọ ìsinmi. Ọ̀gá alára wà níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ló ń wá.

"Mo ti fagi lé gbogbo ẹ̀," Ọ̀gá jágbe. "Kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan títí líǹkì á fi pé!"

Áà! Ẹnì kan ṣoṣo ló tọrọ tiẹ̀ tọkàntọkàn, Àǹtí Tẹ-Ibí ni. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ-ọmọ ẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ẹ̀ sì ń gbéra láago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Ojú tì mí gan-an.

Ó fa àga jókòó tì mí. "Ọ̀gbẹ́ni Ò-Yá-Kíá, bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú."

"Ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló máa ṣí líǹkì."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi ń sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ láti inú orí ẹ̀, tí mo fi ń tún un ṣe. Nígbà tó di aago mẹ́ta ọjọ́ Ẹtì, ó ku ẹyọ kan, lábẹ́ àkọlé "Bí gbogbo nǹkan bá dojú rú".

"Èyí ńkọ́, mà?"

Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Wá a fúnra ẹ."

Mo tú sáfà àtijọ́ wò títí mo fi rí ojú ewé náà. Mo so ó mọ́ líǹkì náà, mo tẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà fóònù mi ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà kan: "Ẹ pè é. Á kọ́kọ́ fọ́nnu, àmọ́ kì í lọ sílé láìtún un ṣe." Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló ti kọ ọ́. Ọ̀gá buwọ́ lu ìsinmi ẹ̀, Àǹtí gbé báàgì, ó jáde.

Ní nǹkan bí aago márùn-ún, ó pè mí látojú ọ̀nà.

"Ṣó o ti lọ sílé?"

"Rárá, mà. Mo tún ń tẹ gbogbo ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mo kúkú ti kọ ọ́ síbẹ̀," ó ní.