Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Lára Irin

Ọwọ́ Ìyá kì í gbélé. Ohun tó bá ti dára lójú rẹ̀, àfi kó fọwọ́ pa á lára, ìbáà jẹ́ ọmọ jòjòló, ìbáà jẹ́ ìdí ìkòkò tuntun.

Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ́kọ́ di ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù wọn, níbi tí wọ́n ti ń rẹ irin sínú kẹ́míkà kó má baà dógùn-ún, ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi gbé ìdérí ẹ́ńjìnnì wá. Ó ní bí eléyìí bá dára, gbogbo iṣẹ́ irin òun di tiwọn. Bí kò bá dára, ó dìgbóṣe.

Ọmọ fi ọṣẹ alágbára bó ọ̀rá kúrò lára irin, ó ṣàn án, ó gbé e sókè. Omi tẹ́ pẹrẹsẹ lára rẹ̀ bí aṣọ, kò ṣù jọ níbì kankan. Ó mọ́ nìyẹn. Orí Ìyá wú. Bí ọmọ ṣe yíjú láti wọ ìbọ̀wọ́, ọwọ́ Ìyá tó kún fún ìpara ti re àjò: ó ti fi pa irin náà lára bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ.

Nígbà tí irin jáde nínú kẹ́míkà, gbogbo ara rẹ̀ rí bí eérú tútù, àfi àárín. Àtẹ́lẹwọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń dán gbinrin, ìka kékeré rẹ̀ wọ́ bí ìwọ̀ ẹja.

Akankọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé torí èyí náà ni? Ẹ kun ọ̀dà lé e, kí n máa lọ."

Ìyá ti ń wá agolo ọ̀dà kiri.

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n," ọmọ dáhùn. "Kẹ́míkà ò mú ibẹ̀. Abẹ́ ọ̀dà yẹn ni omi iyọ̀ máa gbà jẹ ẹ́. Mo máa bó o, mo máa tún un rẹ." Ó kọjú sí Ìyá. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ n rí ìka yín."

"Ìka wo? Ìka pọ̀ láyé."

"Èyí tó wọ́."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta, mà. Ó di ìgbà tí mo bá parí."

Akankọ̀ lanu. "Ìyá ẹ lò ń lé?"

"Kẹ́míkà ò mọ ìyá."

Níta, Ìyá fìdí lé àga, ó na àyà sí akankọ̀ tó tẹ̀ lé e jáde. "Ẹ rí i bó ṣe lé mi? Èmi tí mo bí i! Ta ló tún bí irú ẹ̀?"

"Ẹ sọ fún un kó má kánjú," ọkùnrin náà ní, ó ń yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Mò ń lọ kó ìyókù irin mi wá."

Ìyá fò dìde láti lọ ròyìn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rántí. Ló bá fi imú lẹ gíláàsì fèrèsé, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹlẹ́wọ̀n, ó ń pariwo: "Ọ̀gá! Ọ̀gá mi!"