Ojú Ìwé tí Orúkọ Mi Kò Sí

Mo jowú Tèmilọlá. Mi ò ní fi bò. Ọdún méjìlá ni mo ti ń ṣe akọ̀wé nílé ìwòsàn kékeré wa ní Ifangni. Òun, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́, kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ti Cotonou dé, àfi bíi pé èmi ni mo wá bá a níbẹ̀.

Ẹ̀rọ kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Aṣojú là ń pè é. Inú kọ̀ǹpútà ló wà. Òun ló ń ṣètò ọjọ́ abẹ́rẹ́ àwọn ọmọdé, òun ló ń pe àwọn ìyá lórí fóònù, òun náà ló ń sọ ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì máa gbé àpótí yìnyín lọ. Ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa wa fúnra rẹ̀. Àfi kí ènìyàn kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: irinṣẹ́ wo ló wà, kí ni a fi ń ṣe, ìgbà wo ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èmi ni Májọ̀ Anicet, ọ̀gá wa, kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún. Áà, mo kọ ọ́! Ojú ìwé mẹ́rìnlá. Mo kí Aṣojú dáadáa, mo sọ bí ilé ìwòsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sọ ti ọ̀gá tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Nígbà tí Aṣojú kà á tán, ó pe ọ̀gá tó ti fẹ̀yìntì náà pé kó wá gba abẹ́rẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án.

Ni wọ́n bá gbé e fún Tèmilọlá. Ojú ìwé kan péré ló kọ. ‘Irinṣẹ́ yìí ń pe àwọn ìyá. Lò ó ní ọjọ́ méjì ṣáájú abẹ́rẹ́. Má lò ó lẹ́yìn agogo méje alẹ́.’ Àpẹẹrẹ kan, ó parí. Aṣojú sì ń ṣe é bó ṣe wí. ‘Voilà!’ ni Májọ̀ ń pariwo. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè tábìlì mi gan-an, pẹ̀lú orúkọ Tèmilọlá gàdàgbà lókè rẹ̀. Orúkọ tèmi ńkọ́? Ẹnu mi lọmọ yìí ti gbọ́ ìdajì ohun tó kọ! Tantie ló ń pè mí, bí àǹtí rẹ̀: ‘Tantie, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe èyí? Tantie, ọjọ́ wo lọjà ń ná?’ Mo ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni. Ọjọ́ ọjà ni àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Mò ń kà á lórí ògiri, mò ń wá ibi tó ti ṣì. Mo rí i: ‘Ọjà máa ń ná lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún.’ Ọmọ Cotonou! Àwa ń ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọjà bá ná ní lundi, ọjọ́ Ajé, lundi ni ọ̀kan, mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ni èjì, títí vendredi, ọjọ́ Ẹtì, á fi pé márùn-ún. Vendredi lọjà. Ohun tó kọ yìí á gbé Aṣojú lọ sí samedi, ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àjèjì ni Májọ̀ àti àwọn nọ́ọ̀sì, èmi nìkan lọmọ Ifangni láàárín wọn. Mo jókòó, mo panu mọ́. Kí Májọ̀ rí ọmọ tó ń gbé gẹ̀gẹ̀! Ọjọ́ kan péré ni, mo ní lọ́kàn mi, ta ló máa kú?

Ní mercredi, Ọjọ́rú, fóònù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ Aṣojú ni. ‘Ẹ kú iṣẹ́, Tantie Àpínkẹ́. Ọjọ́ márùn-ún ti ọjà yìí, ṣé a ń ka ọjọ́ tí ọjà ná mọ́ ọn? Mo fẹ́ ṣètò àwọn nọ́ọ̀sì.’ Mo pòṣé. Ẹ̀rọ Tèmilọlá ló wá ń bẹ̀ mí báyìí! Kó lọ bi ẹni tó kọ ìwé. Mo ju fóònù sínú báàgì.

Nígbà tó di vendredi, Aṣojú ti rán àwọn nọ́ọ̀sì àti àpótí yìnyín lọ sí abúlé mìíràn. Àwọn ìyá tí Aṣojú ti sọ fún pé kí wọ́n gbé ọmọ wá lọ́jọ́ ọjà jókòó sínú oòrùn níwájú ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn. Agogo méjì ọ̀sán ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Sìdíkátù wọlé. Ó ti gun ọ̀kadà zém wá láti Banigbé, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wà lẹ́yìn rẹ̀. Éèyi, àìsàn tí abẹ́rẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ń dènà, ti wọ abúlé wọn, ó ti mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, ‘Tantie, ṣebí òní lọjọ́ ọjà?’ Mi ò lè gbójú sókè.

Májọ̀ fara ya. Tèmilọlá bú sẹ́kún, ó ní òun lòun ṣì í kọ, kò dárúkọ mi. Ọjọ́ tí mò ń dúró dè nìyí. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Májọ̀ ní kí n bi Aṣojú ìdí tó fi mú samedi, torí èmi ni mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Aṣojú gbé ìsàlẹ̀ ìwé Tèmilọlá jáde, ibi tí mi ò kà dé rí, nítorí àṣìṣe nìkan ni mò ń wá.

‘Tantie, ẹ kà á sókè,’ ni Májọ̀ wí.

Mo kà á. ‘Bí ọ̀rọ̀ ọjà bá rú ọ lójú, Tantie Àpínkẹ́ ni kí o bi. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tó bá sọ ni kí o ṣe, kódà bó bá yàtọ̀ sí ohun tí mo kọ. Bó bá ka ìbéèrè rẹ tí kò sì sọ nǹkan kan, a jẹ́ pé ohun tí mo kọ tọ̀nà.’

Ó ku ìlà kan tí Aṣojú fúnra rẹ̀ kọ sábẹ́ rẹ̀. Mo kà á náà. ‘Mo bi í. Ó kà á ní mercredi, agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kò sọ nǹkan kan.’

Sìdíkátù tún ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó so ọ̀já le, ó wá wò mí.

‘Tantie, ẹ mọ̀?’