Abọ́ Ìtọ́wò

Ní ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo fi dáná ní káńtíìnì ilé-iṣẹ́ bàtà, kò sí ẹnì kan tó rí mi kí n jókòó jẹun rí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tò láti gba ìrẹsì a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ìyá Ìkòkò kì í jẹun o, òórùn ọbẹ̀ ló sọ wọ́n di báyìí." Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá sanra bíi tèmi tó sì jẹun lójú ayé, gbogbo òkèlè rẹ̀ ni wọ́n á kà. Nítorí náà mi ò jẹ́ kí wọ́n rí òkèlè kankan kà.

Ṣùgbọ́n orúnkún mi kò mọ yẹ̀yẹ́. Àtẹ̀gùn mẹ́rin péré ló wà láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ààrò wa, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ń dúró mí kí n tó gùn ún tán. Ṣúgà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń dín ikùn kù, mo ní kó kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí n tó gbọ́ èyí tó kù. Èyí tó kù ni pé mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kílò mẹ́jọ sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, kí ọ̀rá ara ẹ̀dọ̀ mi lè dín kù kí ọ̀bẹ tó wọlé. Bí n kò bá lè ṣe é, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè mi.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí oúnjẹ fún mi ní ìwé kékeré kan. Ó ní, "Mà, gbogbo ohun tí ẹ bá jẹ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́."

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ lẹ́tà kọ, n kì í sì í fi ìwé kíkọ ṣeré. Mo kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: ẹyin kan, búrẹ́dì ẹyọ kan, ẹ̀wà ṣíbí mẹ́fà, omi. Mi ò parọ́ ẹyọ kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Mo gun òṣùwọ̀n. Nọ́ọ̀sì wo òṣùwọ̀n, ó wo ìwé, ó tún wo ojú mi.

"Mà, ẹni tó wà nínú ìwé yìí, oúnjẹ ẹyẹ ló ń jẹ. Ẹni tó wà lórí òṣùwọ̀n yìí kì í ṣe ẹyẹ."

"Ṣé irọ́ ni mo pa fún yín ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ohun tí mo rí ni mo sọ. Ààbọ̀ kílò péré ló lọ."

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi dé ibi iṣẹ́. Mò ń fi ìpọnbẹ̀ lu ìkòkò, Ìyá Ọ̀bẹ sì ń gé àlùbọ́sà lẹ́yìn mi. Òun ló ń gé gbogbo ohun tí a bá fẹ́ sè, ẹ̀fọ́ àti ẹran. Lóòótọ́ èmi ni olórí alásè, ṣùgbọ́n ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, kò sì sí ohun tí kò lè sọ sí mi.

"Ta ló fi ata sí ọ lójú láàárọ̀ yìí?"

Mo ròyìn fún un. Mo ní, "Ìyá Ọ̀bẹ, ẹ gbà mí. Ẹyin kan ni mo jẹ láti àná. Ẹyin kan!" Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo bu ọbẹ̀ sẹ́nu, mo gbé e mì, mo bu iyọ̀ sí i, mo tún bù ú wò.

Ó dá ọ̀bẹ dúró. "Kí lò ń jẹ yẹn?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Mò ń tọ́ ọ wò ni."

Ó fọ abọ́ ńlá kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. "Ìgbàkígbà tí o bá tọ́ nǹkan wò lónìí, bu iye kan náà sínú abọ́ yìí. Ìwọ̀n tó bá wọ ẹnu ni kó wọ abọ́. Mò ń wò ọ́ o."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìkòkò mẹ́fà là ń gbé kaná kí ọ̀sán tó pọ́n. Alásè tí kò bá tọ́ oúnjẹ wò, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì? Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe kọ́ mi: ìtọ́wò kì í ṣe oúnjẹ, iṣẹ́ ni. Mo tọ́ ìrẹsì wò, mo bù sábọ́. Mo tọ́ ẹ̀wà wò, mo bù sábọ́. Mo mú ẹran kan láti mọ̀ bóyá ó ti rọ̀, mo ju ọ̀kan sábọ́. Mo tún mú òmíràn.

"Èwo ni ti ìkejì?" Ìyá Ọ̀bẹ kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Iyọ̀ ni mo fẹ́ mọ̀."

"Àṣé inú ẹran ni iyọ̀ lọ sá pamọ́ sí! Ju ọ̀kan sábọ́."

Kí agogo oúnjẹ tó dún, abọ́ náà ti kún, a ti gbé ìkejì tì í, òun náà sì ti dé ìdajì. Ìrẹsì, ẹ̀wà, ọbẹ̀, ẹran mẹ́sàn-án, gbogbo rẹ̀ dà pọ̀ bí oúnjẹ ajá. Mo fẹ́ sọ pé Ìyá Ọ̀bẹ ti bu tirẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi bù ú.

"Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà," ni Ìyá Ọ̀bẹ wí. Kò fi ṣe ẹ̀sín.

Abọ́ náà kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni pé ọkàn mi ti mọ̀ tipẹ́ pé iyọ̀ kò nílò ẹran mẹ́sàn-án. Àbí kí ló dé tí mo máa ń kẹ̀yìn sí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bí mo bá fẹ́ tọ́ ọbẹ̀ wò?

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́: "Ìtọ́wò, abọ́ kan àti ààbọ̀."

Láti ọjọ́ kejì, Ìyá Ọ̀bẹ ló ń bá mi tọ́ oúnjẹ wò. Ojú wa rí màbo. Ọlọ́run dá ahọ́n tirẹ̀ fún ọ̀rọ̀, kò dá a fún iyọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń gbé àwo padà, pé ṣé omi òkun la fi se ẹ̀wà ni. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọn iyọ̀: ṣíbí mélòó sí ìkòkò ńlá, mélòó sí kékeré. Mo kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Mò ń fi imú mọ àlùbọ́sà tó jinná, mò ń fi ìka tẹ ìrẹsì. Bí ìtọ́wò bá di dandan, ṣíbí tíì kan ni, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ebi pa mí débi pé mò ń lálàá ìkòkò. N kò yẹsẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kílò mẹ́jọ lé díẹ̀ ti lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹyẹ ń bọ̀ o, mà."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ikùn tó kù fún mi kò ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ. Ọmọ mi obìnrin jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń fi ṣíbí bu omi ẹran fún mi. "Ẹ gbé e mì, mà. Ẹ dúró. Ẹ má kánjú."

"Báyìí ni mo ṣe bọ́ ìwọ náà."

"Ẹ ò sì sọ fún mi pé ó ń pẹ́ tó báyìí."

Lẹ́yìn oṣù méjì mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rò pé wọ́n ti gé ìtìjú mọ́ ikùn náà. Wọn ò gé e. Ní ọjọ́ kẹrin, a din ẹran. Mo mú ẹyọ kan, mo wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí, mo jẹ ẹ́ lórí ìdúró bí olè. Kò tíì dé ibi tó ń lọ tí àyà mi fi dì pa. Ìyá Ọ̀bẹ bá mi níbi tí mo ti ń bì sínú garawa.

"Kí lo jẹ?"

"Mi ò jẹ..." Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹran ni. Ẹyọ kan. Mi ò rún un."

Ó fún mi lómi. "Ṣé ẹran ló lé ọ dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sílé. Ẹran kò lé mi. Ojú èèyàn ni mo ń sá fún. Dókítà ní kí n jókòó, kí n rún oúnjẹ dáadáa, kí n lo ogún ìṣẹ́jú. Ta ló lè ṣe ìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ẹni tó ń fara pamọ́ jẹun, dandan ni kó sáré. Bí n kò bá jáwọ́, ikùn tuntun yìí á tún fẹ̀, gbogbo ìyà náà á sì já sí asán.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé àga kan sí àárín ilé ìdáná, níwájú fèrèsé tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gba oúnjẹ. Mo bu ẹ̀wà díẹ̀ àti ẹran tí mo gé wẹ́wẹ́ sínú àwo kékeré. Mo jókòó. Ìlà ti gùn.

"Háà! Ìyá Ìkòkò ń jẹun!"

"Ẹ bá wọn kà á, ẹ bá wọn kà á!"

Etí mi gbóná. Mo rún tẹnu mi títí ó fi di omi, mo gbé e mì, mo gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ẹyọ kan nìyẹn," ni mo wí fún ẹni tó ní kí wọ́n kà á. "Ó ku mẹ́jọ. Má ṣì í kà o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò dìde.

Ìgbà náà ni ọ̀gá wa wọlé. Ó wo aago, ó wo àga.

"Ìyá Ìkòkò, kí lẹ jókòó ṣe lásìkò iṣẹ́? Àbí ẹ ń tọ́ oúnjẹ wò ni?"

Ìyá Ọ̀bẹ dá ọwọ́ dúró, ó ń wò mí. Bí mo bá ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá á bá tirẹ̀ lọ.

"Rárá, sà," ni mo wí. "Mò ń jẹun. Ìyá Ọ̀bẹ á máa bù fún wọn. Ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún."

Mo sì gbé ṣíbí.