Ọ̀nà Tí Bàbá Fín Sára Ọkọ̀

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Bóṣewà, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Bí ènìyàn bá gbé ọkọ̀ àtijọ́ wá sí gáréèjì rẹ̀, tó ní kó bá òun fi rédíò tuntun sí i, tàbí kó kùn ún ní àwọ̀ tí ìyàwó òun fẹ́ràn, á wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, á ní bó ṣe wà lọ́jọ́ tó jáde nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ni òun yóò ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan mìíràn, kó gbé e lọ bá àwọn tó ń kun ilẹ̀kùn. Kì í sì í ṣe ọkọ̀ kí ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Àwọn ọkọ̀ onísáré tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà tí irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ ṣì dúdú ni: àwọn pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn tí kò ní òrùlé, tó jẹ́ pé ènìyàn méjì péré ló ń gbà, tí ìdí ẹni sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ilẹ̀ bí wọ́n bá ń lọ.

Ọ̀kan nínú irú wọn ló fa ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí. Ti bàbá rẹ̀ ni.

Awọnlẹ̀ ni bàbá náà, ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ na okùn sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Lọ́wọ́ awakọ̀ òfuurufú kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú ló ti ra ọkọ̀ náà, ó sì wà á fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ọmọ méjì ló bí. Bóṣewà ni àkọ́bí. Èkejì, obìnrin, fi ọdún mẹ́fà tẹ̀lé e, kò sì ríran láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀: ọkọ̀ oníjòkòó méjì, bàbá kan, ọmọ méjì. Ẹnì kan á ṣẹ́kù sílẹ̀. Gbogbo Sátidé tí Ọlọ́run dá, ọmọbìnrin yìí ni bàbá ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, wọ́n á lọ títí dé etí òkun, ọmọkùnrin á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti kànìnkànìn lọ́wọ́, nítorí òun ló ń fọ ọkọ̀. Ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ fọ̀. “Má fọwọ́ kan inú rẹ̀,” ni bàbá máa ń wí, “ọwọ́ rẹ le jù.” Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Ohùn tí ènìyàn fi ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé: ọmọ ọdún méjìlá náà di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò nínú rẹ̀.

Bàbá kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó lásán. Ó mú ọ̀bẹ kékeré, ó fín ọ̀nà etí òkun sára dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn pákó dídán tó wà níwájú ẹni tó bá jókòó sínú ọkọ̀, láti ìdí ilẹ̀kùn ọmọ náà títí dé ibi tí sítíárìn wà. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni, kì í ṣe eré ọmọdé. Gbogbo kọ́nà ló wà níbẹ̀ bó ṣe yí gan-an. Níbi tí òkè wà, ó fín in jìn; níbi tí afárá wà, ó gé e ní ojú mẹ́ta wẹ́wẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ìka ọmọ náà ń bá a lọ lórí pákó, òun ló sì ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ó ku kọ́nà kan kí àwọn dé afárá. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á pè é ní Atọ́nà. Orúkọ tó ń jẹ́ nínú ẹbí títí dòní nìyẹn. Ẹ wo ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ náà, kí ẹ sì wo ẹni tó lójú méjèèjì tí wọ́n fi kànìnkànìn lé lọ́wọ́.

Nígbà tí bàbá kú, wọ́n bá a nínú ìwé tó fi pín ogún rẹ̀ pé kí àwọn ọmọ méjèèjì jọ ni ọkọ̀ náà, bí ẹni tó so ajá àti ológbò mọ́ okùn kan ṣoṣo. Ọdún méjìlá ló fi wà lábẹ́ tapólì. Táyà rẹ̀ rọ, eku bímọ sínú ìjókòó rẹ̀. Bóṣewà fẹ́ tún un ṣe, kò sì lè fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé àbúrò rẹ̀ gbà, nítorí náà ó lọ bá a nílé. Atọ́nà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú ní ìwé kíkà, tẹ́tí sí i dáadáa. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òun fẹ́.

“Ohùn Bàbá ti ń kúrò létí mi, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí. “Mo máa ń wá a, mi ò rí i mọ́. Ojú rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀nà yẹn nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ kàn. Ẹ ṣe ọkọ̀ yẹn bó bá ṣe wù yín, ẹ ṣáà fi pákó yẹn sílẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tó bá parí, kẹ́ ẹ gbé mi gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan.”

Bóṣewà ṣèlérí fún un. Ó tilẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ó tú ọkọ̀ palẹ̀ títí ó fi ku ṣásí nìkan, tó wà nílẹ̀ bí egungun ẹja lórí àwo. Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kì í tú nọ́ọ̀tì kan láìkọ́kọ́ yà á ní fọ́tò, kí wọ́n lè mọ bí wọn yóò ṣe dá a padà. Fọ́tò tó wà nínú fóònù rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó sì máa ń fi yangàn fún àbúrò rẹ̀ lórí aago. Pákó ọ̀nà náà nìkan ni kò tíì yà, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀: odindi ló gbé e sọ́tọ̀, ó fi aṣọ bò ó. Ó ha ọ̀dà ara bọ́nẹ́ẹ̀tì. Pupa ni bàbá kùn ún. Lábẹ́ pupa ni dúdú wà, lábẹ́ dúdú ni àwọ̀ ewé wà, lára àwọ̀ ewé yẹn ló sì ti bá nọ́ńbà kan, eéje, nínú àmì roboto funfun. Ọkọ̀ náà ti sáré ìdíje rí, awakọ̀ òfuurufú kò sọ fún ẹnikẹ́ni, bàbá sì kú láìmọ̀. Inú Bóṣewà dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun kan wà nípa ọkọ̀ yìí tí òun mọ̀ tí bàbá kò mọ̀. Ó dá a padà sí àwọ̀ ewé, ó fi awọ tuntun rán ìjókòó, ó tún kabúrétọ̀ méjèèjì ṣe, ó sì rọ sípíríǹgì tuntun sí i nídìí táyà, títí ọkọ̀ náà fi ń rìn bí ẹni ń fa aṣọ lórí tábìlì.

Àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ní ẹgbẹ́ tó máa ń ṣe àfihàn lọ́dọọdún. Ohunkóhun lára ọkọ̀ tí kì í bá ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ìbáà jẹ́ ìṣó, wọ́n á yọ máàkì lórí rẹ̀. Ní oṣù kan ṣáájú àfihàn tí Bóṣewà fẹ́ gbé ọkọ̀ náà lọ, àgbà adájọ́ wọn yà wá wo iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin gbígbẹ kan tí kì í rìn láìmú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òun kò rí irú rẹ̀ láti ogún ọdún. Ìgbà tó dé ibi dáṣíbọ́ọ̀dù ló dúró. Ó fi èékánná tọ ojú ọ̀nà náà lọ díẹ̀, ó fajú ro, ó sì béèrè bóyá ọmọdé ló fi ọ̀bẹ ha irú pákó dáadáa báyìí.

Bóṣewà ní bẹ́ẹ̀ ni, ọmọdé ni.

Adájọ́ ní ó mà ṣe o. Ó ní pẹ̀lú ìyẹn, ipò kejì ni ọkọ̀ náà máa gbà, bó ti wù kó rí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Bóṣewà gbàgbé ìlérí. Àwọn kan nínú ẹbí ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu wọn ló ń yún wọn. Ó rántí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rò ó, ohun tó sì rí rò ni pé àbúrò òun ní kí òun fi pákó sílẹ̀, òun á sì fi pákó sílẹ̀. Òun kò ní pààrọ̀ rẹ̀. Igi tó bá ọkọ̀ wáyé gan-an ni yóò wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí dá ara rẹ̀ lóhùn ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe tipẹ́.

Ó tú pákó náà, ó gbé e sórí tábìlì iṣẹ́. Ó fi fáìlì ha ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ojú kò dé, ó gba lẹ́búlẹ́bú igi tó bọ́ níbẹ̀, ó pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù kí àwọ̀ wọn lè bára mu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú ilà. Láti ìdí ilẹ̀kùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́nà àkọ́kọ́, kọ́nà kejì, òkè, ojú mẹ́ta afárá. Ọ̀nà tí wọn kò mú un gbà nígbà èwe rẹ̀, ó wá ń gbà á báyìí, ó ń dí i bó ṣe ń lọ. Fóònù rẹ̀ wà lápò. Kò mú un jáde. Ìyàwó rẹ̀, tó gbé omi wá fún un, dúró wò ó díẹ̀, ó sì bi í bóyá àbúrò rẹ̀ gbọ́ sí i. Ó ní kó gbé omi sílẹ̀. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi tẹ́jú, ó kùn ún ní fánííṣì lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Iṣẹ́ náà dára. Kò sí ojú tó lè rí i, kò sì sí ìka tó lè mọ̀ ọ́n, ìyẹn ló sì fi yàtọ̀ sí àwọn tó ń kun ilẹ̀kùn.

Ipò kìíní ló gbà. Wọ́n fún un ní àwo idẹ kan tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí lára, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ó ti rán ìyàwó rẹ̀ lọ mú Atọ́nà wá kó lè bá wọn níbẹ̀. Atọ́nà wọ bàtà tuntun wá. Ó sì ti gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má baà ha igi. Bóṣewà ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún un níṣojú gbogbo wọn, ó mú un jókòó, ó gbé àwo idẹ lé e nítan.

Atọ́nà na ọwọ́ síwájú. Ìka rẹ̀ lọ tààrà sí ìdí ilẹ̀kùn níbi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀. Ó sún un sókè, ó sún un sísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bóyá ìjókòó ni wọ́n gbé ga. Ó tún tẹ̀ síwájú, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì pa pákó náà látòkèdélẹ̀, títí ó fi kan sítíárìn, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní. Bóṣewà ń wò ó. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mọ́ ọn. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń gbé itọ́ mì lọ, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn. Láti ogójì ọdún ó lé ló ti ń fẹ́ kí àbúrò òun náà jókòó sínú ọkọ̀ yẹn kó má mọ nǹkan kan.

“Ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀,” ni Atọ́nà wí.

“Mi ò pààrọ̀ rẹ̀. Pákó yẹn náà ni. Mo kàn tún un ṣe ni.”

Ìka Atọ́nà ṣì wà lórí pákó. “Ẹ ní ẹ máa ń ya gbogbo nǹkan ní fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú u. Ṣé ẹ ya ìyẹn? Mo lè bẹ ẹnì kan kó bá mi fín in síbòmíì.”

Bóṣewà lè parọ́ nígbà yẹn, ìbá sì jẹ́ àánú. Kò parọ́. “Mi ò yà á.”

“Ẹ gbàgbé ni?”

“Mi ò gbàgbé.”

Atọ́nà kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí pákó. Ó gbé e lé àwo idẹ tó wà nítan rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí ìyẹn ṣeé fọwọ́ kà dáadáa: ipò kìíní, àti orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní kí wọ́n máa lọ, bí wọ́n ṣe jọ sọ.

Ilé bàbá wọn kò jìnnà síbẹ̀. Bóṣewà wakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa. Atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n ya kọ́nà kan, wọ́n ya òmíràn, wọ́n gun òkè. Orí Atọ́nà tẹ̀ sápá kan bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan. Láyé bàbá wọn, ojú ìsopọ̀ onírin mẹ́ta tó wà lórí afárá máa ń gbá táyà gbì, gbì, gbì, tí eyín ẹni á fi kọlu ara wọn. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tuntun ni Bóṣewà rọ sí i, kò sì fi ibì kan ṣe àbùkù. Afárá kọjá lábẹ́ wọn bí ẹni pé kò sí.

Ó tó bíi kìlómítà kan lẹ́yìn ìyẹn kí Atọ́nà tó lanu.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ti dé afárá?”

Bóṣewà wo dígí. Ó rí afárá náà lẹ́yìn, ó ti kéré. Kò sí èrè kankan nínú irọ́ náà fún un, kò sì sí ẹni tó fipá mú un.

“Kò tíì,” ló wí.

Àbúrò rẹ̀ mi orí. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́,” ló ní, “tá a bá ti débẹ̀, ẹ sọ fún mi.”

Ó ní òun á sọ fún un.