Àpótí Tó Jẹ́ Ká Gbọ́ Afirinkọrin

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, mo kí yín. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ìpéǹpéjú bo ojú, tí kò dá nǹkan kan bo etí. Bó bá dá a ni, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ì bá má kàn wá rárá.

Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ọkùnrin kan wà tí à ń pè ní Afirinkọrin. Gìtá onírin ló ń ta: èyí tó ní ẹsẹ̀ bíi tábìlì, tí wọ́n ń fi irin róbótó fà lórí okùn, tí wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà lábẹ́ rẹ̀ kí ohùn lè gòkè, kó sọ̀, kó le, kó rọ̀. Èmi wà lára àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo ń jókòó sí, nítorí náà ẹ má ṣe bi mí pé ta ló sọ fún mi.

Àìsàn kan ló ń ṣe gìtá náà: ohùn rẹ̀ kò mọ́. Ó ń dún bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ kúbùsù. Ọ̀gá akọrin wa, ẹni tí sùúrù rẹ̀ kò gùn ju ọ̀pá tó fi ń darí orin lọ, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀dá, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín. Ṣùgbọ́n bí gìtá yín bá tún kùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, yàrá tí à ń kó àga tó ti kán sí ló ń lọ. Dùùrù á ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Orí ìjókòó yẹn ló ti wà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú! Afirinkọrin kó owó sápò. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta èèlò orin, ó sì ra àpótí kékeré kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ.

Òǹtajà náà kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. "Bàbá, mágínẹ́ẹ̀tì tó ń gbọ́ okùn gìtá yín kò lágbára tó láti ti ohùn gba inú wáyà gígùn kọjá. Kó tó dé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń gbé e jáde fún ìjọ, pẹ́dà àti wáyà á ti fa èyí tó mọ́ lára rẹ̀ mu. Àpótí yìí ló máa rọra gba ohùn náà lọ́wọ́ gìtá, táá sì fún un lágbára ìrìn àjò. Ìdí gìtá ni kẹ́ ẹ gbé e sí o, kó ṣíwájú pẹ́dà."

Afirinkọrin mi orí. Orí mímì kò ṣòro. Alángbá pàápàá mọ̀ ọ́n mì.

Ṣùgbọ́n àpótí náà ní iná kan tó ń ṣẹ́jú, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ṣé irú iná báyẹn ló yẹ kó wà lábẹ́ gìtá, níbi tí aáyán nìkan á ti máa yìn ín? Rárá o. Ó gbé e gun orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ní òpin wáyà pátápátá, lẹ́yìn tí pẹ́dà àti wáyà ti jẹun tán. Ó tẹ́ aṣọ funfun tí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ hun sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọjú iná sí ibi tí ìjọ ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà ìdánrawò, gìtá ṣì ń kùn.

"Ṣé ẹ gbọ́ ìyàtọ̀?" ó bi wá.

"A rí ìyàtọ̀," ọ̀kan nínú àwọn olóhùn òkè dáhùn. "Ó ń tàn."

Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ akọrin, wo àpótí, ó wo aṣọ. "Olówó orí mi, ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò kì í gbé korobá síta kí aládùúgbò lè rí i."

"Ìyá ilé, kí lo mọ̀ nípa èèlò orin?"

"Kò sí. Aṣọ mi nìkan ni mo mọ̀. Ẹ bá mi dá a padà."

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ọ̀gá akọrin wọlé, ó dúró gbagidi. "Kí ló ń ṣẹ́jú sí ìjọ yìí? Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀, kí oníwàásù má baà rò pé ẹnì kan ń ka àkókò mọ́ òun lórí!"

Inú bí Afirinkọrin. Ó tú àpótí, ó sì tì í sábẹ́ gìtá bí ẹni tó ń lé ajá sábẹ́ àga. Wáyà kúkúrú tó bá àpótí wá kò lè dé ibòmíràn, nítorí náà gìtá ló so mọ́ ọn, kó tó wá kan pẹ́dà. Ìbínú ló mú un ṣe ohun tí làákàyè kò lè mú un ṣe.

A dìde fún orin àdúrà. Ó fa irin lórí okùn.

Ẹ̀yin ará, ohùn yọ! Ó mọ́ bí omi tó ń kán sínú àwo. Àwọn ìyá àgbà tó ń tòògbé lórí ìjókòó iwájú jí. Oníwàásù gbé ojú sókè. Afirinkọrin fúnra rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀.

Ẹsẹ kejì dé, a sì wá ń gbọ́ ohun gbogbo. Irin ọwọ́ rẹ̀ á dúró kó tó dé ààyè ohùn, tàbí kó kọjá rẹ̀ bí ẹni tó sùn kọjá ibùdókọ̀ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrò lórí pẹ́dà nígbà tí orin ṣì nílò rẹ̀. Kúbùsù tí a ti ń bú láti ọjọ́ yìí wá, òun ló ń bò wá láṣìírí! Olóhùn òkè ọjọ́sí fi ìwé orin bo ojú.

Lẹ́yìn ìsìn, Afirinkọrin bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹsẹ̀ gìtá.

"Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?" ọ̀gá akọrin béèrè.

"Yàrá àwọn àga tó kán."

"Mo ní bó bá kùn ni. Ṣé ó kùn?"

"Kò kùn."

"A gbọ́ yín ketekete, Bọ̀dá. Ohun tí a wá gbọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé nìyẹn. Ẹ wá nírọ̀lẹ́. Màá jókòó tì yín, ká jọ máa wá ààyè ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan."

Afirinkọrin wo àpótí lábẹ́ gìtá. Ó na ọwọ́ sí wáyà rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọ ọ́, kí kúbùsù padà. Ó fa ọwọ́ padà, ó sì dá ẹsẹ̀ gìtá tó ti tú padà sí ààyè rẹ̀.

"Bó bá jẹ́ pé ilé lẹ ti máa dánra wò títí di ọ̀la," ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ kúkú fún mi ní aṣọ mi nísinsìnyí. Etí ni mo fẹ́ fi dí." Ẹ̀rín ló ń rín, ó sì bá a gbé àpò tó ń kó irin ọwọ́ rẹ̀ sí.

Ìwọ tí o kà á dé ibí, kí Olúwa fi ohùn tó mọ́ ta ọ́ lọ́rẹ. Bí àṣìṣe rẹ bá sì bá ohùn náà jáde, kí ẹni tó máa jókòó tì ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé má ṣe wọ́n ọ.